Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Tí Ọwọ́ Mi Kò Gbọ́

Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù ni pápá gọ́ọ̀fù wa ní Ọ̀wọ̀ máa ń rùn. Ìwọ tó jẹ́ pé Ìbàdàn lo ti kọ́ ọ, lórí koríko tútù tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun orí, o lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ní tiwa, kò sí koríko níbi ihò. Iyanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀, wọ́n wá po epo dúdú tí wọ́n tú lára mọ́tò mọ́ ọn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bíráùn là ń pe ibẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú un, òórùn rẹ̀ á wọ inú aṣọ rẹ, á sì bá ọ délé. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kì í ṣe mọ́tò ni mo máa ń rí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń rí lórí iyanrìn dúdú, àti àgbàlagbà kan tó dojú bolẹ̀, tí wọ́n ń lù bí ẹni ń pa ejò.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ọmọ Ìwó ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló gbé mi dé Ọ̀wọ̀. Ilé ìwòsàn kan ni mo wà, èmi ni mò ń ya fọ́tò egungun níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù ni dókítà eyín wa, ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an, Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ, ọkùnrin tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ nítorí eyín tó ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wa ń pè é ní Dókítà bí ẹni pé kò sí dókítà mìíràn nílé ìwòsàn náà. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ fún mi bí mo bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù: “Gbígbá tó dára, ọwọ́ kì í gbọ́ ọ.” Ohun tó ní lọ́kàn ni pé bí àárín orí ọ̀pá bá pàdé bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ, kò sí nǹkan kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ máa mọ̀, àfi kí o rí bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣì í díẹ̀, oró rẹ̀ á gba ọrùn ọwọ́ gòkè, á ta ọ́ dé ìgúnpá. Odidi ọdún kan ni mo fi ń wá gbígbá tí ọwọ́ kì í gbọ́ yẹn, n kò rí i.

A ní ìdíje pẹ̀lú àwọn ará Àkúrẹ́ tó ń bọ̀ lọ́nà, ìbàdí Dókítà kò sì gbà fún un mọ́ láti yí bó ṣe yẹ. Ó ní èmi ni n ó gba ipò òun. Díráífà ni mi ò ní, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, èyí tó gbọ́dọ̀ lọ jìnnà jù. Dókítà ní òun á fún mi ní tòun, onígi tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, pírínsípà ilé-ìwé girama kan, ará Ìdógùn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi díráífà tuntun ránṣẹ́ sí i, onírin, irú èyí tí ayé ń sá tẹ̀ lé nígbà náà, ó sì yarí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò gbọdọ̀ fi igi bá àwọn ará Àkúrẹ́ jà. Ìjà ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lórí ọ̀pá yìí kì í tán. Dókítà á ní, “Pírínsípà, ìkòkò ọbẹ̀ lo fẹ́ kí ọmọ yìí fi gbá bọ́ọ̀lù.” Pírínsípà á ní, “Ó sàn ju ọmọ odó tìrẹ lọ.” Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé kí n wá sí pápá ní àárọ̀ Sátidé, kí n dán ọ̀pá méjèèjì wò lójú wọn, kí n yan ọ̀kan, kí ẹjọ́ parí.

Ìgogo ló wà lórí ìlú nígbà náà. Bí o kò bá gbé Ọ̀wọ̀ rí, jẹ́ kí n là á yé ọ. Lásìkò ọdún Ìgogo, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù, kò gbọdọ̀ yìnbọn. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Dókítà mọ gbogbo èyí kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa náà ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ pápá láìdé fìlà. Dókítà fẹ́ràn òfin, kò sì fẹ́ rú èyíkéyìí. Ló bá kó fìlà mẹ́ta lọ sí yàrá eyín, ó fi sísọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn gé òkè wọn kúrò pátápátá, ó ku etí iwájú tó ń bo ojú àti ìgbátí tó yí orí ká. Ó fi ọ̀kan dé mi lórí, ó fọwọ́ gbá àtàrí mi. “Atẹ́gùn ń fẹ́ sí orí rẹ. Ta ló máa sọ pé o dé fìlà?” Èmi àti pírínsípà rẹ́rìn-ín títí. A dé e lọ.

Pápá náà wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Ifọ́n. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń gbóná bọ̀. Pírínsípà ti ti Ìdógùn kó iṣu tuntun wá fún Dókítà nínú bùùtù Pijó rẹ̀. A dúró síbi tí wọ́n ti ń ṣíde eré, mo ti èèkàn kékeré mọ́lẹ̀, mo gbé bọ́ọ̀lù lé e.

Onígi ni mo kọ́kọ́ mú. Orí rẹ̀ ń dán, ó pọ́n bí obì, kò ju ìkúùkù lọ, wọ́n sì fi òwú dúdú wé e lọ́rùn. Ìwúwo rẹ̀ wà lórí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé e lọ sẹ́yìn, mo mọ ibi tí orí yẹn wà, bí ẹni tó fa okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Mo fì í. Gbàù! Bọ́ọ̀lù fẹ́ yà sósì, ó ronú pìwà dà, ó bọ́ sáàárín. Ọwọ́ mi gbọ́ ọ níwọ̀nba, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀. Mo tún un gbá, mo ṣì í, oró náà gun mí dé ìgúnpá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọ̀pá sílẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wọgbó lọ. Dókítà mi orí. “Ó ti sọ òótọ́ fún ọ.” Mo wá mú onírin. Ó fúyẹ́, orí rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Tẹ́ẹ́n! Bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí ti onígi balẹ̀ sí, ó ń lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá òmíràn, ìyẹn náà lọ tààrà bí ẹni pé mi ò ṣẹ̀. Pírínsípà ń jó. “Ẹ ò rí i? Irin mọ àánú!” Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń dún lábẹ́ awọ lẹ́yìn gbogbo gbígbá, bí ẹni pé oyin wọ inú rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó dáa nínú wọn sí èyí tí kò dáa. Dókítà ní, “Ó ń bò ọ́ láṣìṣe ni. Ọ̀pá tó bá ń bò ọ́ láṣìṣe máa pa ẹ́ lára lọ́jọ́ kan.” Mo bá ń mú ìkan, mo ń gbé ìkejì, onígi, onírin, onígi, onírin. Ọkàn mi kò dúró sójú kan.

Gbàù tí onígi ń dún yẹn ló pè wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní ojú títì, wọ́n ń yí ìlú ká láti mọ ẹni tó ń rú òfin ọdún. Ìbọn ni wọ́n rò pé wọ́n gbọ́. Mo kàn rí wọn tí wọ́n yọ láti inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n pọ̀, tigi tàdá, wọ́n ń sáré. Ẹni tó ṣíwájú wọ síńgílẹ́ẹ̀tì pupa, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. “Ta ló yìnbọn?” ló ń pariwo. Èdè Ọ̀wọ̀ ni ìyókù fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ kò yé èmi ọmọ Ìwó, ṣùgbọ́n ìkà tó wà nínú ohùn wọn yé mi. Ọ̀kan na ìka sí orí wa.

Dókítà bọ́ síwájú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè parí ni. “Kò sí ìbọn. Bọ́ọ̀lù là ń gbá. Ọmọ Ọ̀ghọ̀ l'èmi náà!” Bí àwọn onílé ṣe ń pe Ọ̀wọ̀ lẹ́nu ara wọn ló ṣe pè é. Ó wá tẹ orí ba fún wọn, ó ń fi ìka hàn wọ́n pé kí wọ́n wo àtàrí òun bó ṣe wà lófìfo, pé fìlà kò sí níbẹ̀. Orí tó tẹ̀ ba yẹn ni igi àkọ́kọ́ balẹ̀ sí. Mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo rántí jù nìyẹn, pé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí igi yẹn balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà. Òkúta bá pírínsípà lẹ́nu, ó di ẹnu mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ẹnì kan fi bẹ́líìtì nà mí lójú, ẹlòmíràn ta mí nípàá níkùn, mo ṣubú, mo dìde, igi bá mi létí, ayé ń dún wììì. Dókítà sá lọ sọ́nà mọ́tò. Kò lè sáré, ìbàdí kò gbà. Wọ́n ká a mọ́ orí bíráùn, ó ṣubú sínú iyanrìn elépo yẹn, wọ́n bò ó. Síńgílẹ́ẹ̀tì pupa ti ṣa díráífà onígi nílẹ̀. Ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ la igi ìdáná, ó sì ń fi gbogbo agbára lu ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn. Nídìí. Ní apá tó fi ń bo orí. Mo gbọ́ nígbà tó dé egungun èjìká, torí pé orí ọ̀pá náà já kúrò lọ́rùn, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ inú koríko. Dókítà ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ní. Wọn ì bá ti dáwọ́ dúró, mo rò bẹ́ẹ̀, ojú àwọn kan nínú wọn ti ń yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti gun ọmọkùnrin yẹn lórí. Ó ju ọ̀pá aláìlórí náà sọ nù, ó já àdá gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè. Ọrùn Dókítà wà nílẹ̀ níbẹ̀, gbalaja, iyanrìn dúdú lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé onírin ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo lílù yẹn, n kò jù ú sílẹ̀. Mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì gba ìdúró fúnra rẹ̀, bí Dókítà ṣe kọ́ mi, èjìká sílẹ̀, orúnkún rọ̀. Mo yí ìbàdí. N kò wo ojú ọmọkùnrin náà, n kò wo àdá, apá tó mú un nìkan ni mò ń wò bí mo ṣe máa ń wo bọ́ọ̀lù. Mo fì í.

Ọwọ́ mi kò gbọ́ nǹkan kan.

Kò dún bí irin. Ìró igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ lórí orúnkún ni. Àdá bọ́, ó gún iyanrìn, ó dúró. Ọmọkùnrin náà jókòó síbi tó wà jẹ́jẹ́, bí àlejò tí wọ́n fún ní àga, ó sì ń wo apá rẹ̀ tó ti ní ìgúnpá kejì níbi tí Ọlọ́run kò fi ìgúnpá sí. Mo tún gbé ọ̀pá náà sókè. Ẹnì kan nínú wọn rí ojú mi, ó sá, ìyókù sì tẹ̀ lé e, àfi àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin tí mo lù. Àwọn wọ̀nyí ló bá wa gbé àwọn tó farapa sínú Pijó, Dókítà àti ẹni tó fẹ́ pa á, ẹ̀yìn mọ́tò kan náà, èmi láàárín. Pírínsípà ń wakọ̀, ó ń tu ẹ̀jẹ̀ àti eyín jáde lójú fèrèsé, iṣu ń yí gbirigbiri ní bùùtù. Orí Dókítà wà lórí itan mi. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọkùnrin yẹn ń sunkún, “Yèyé mi o, yèyé mi o.” Kò tíì pé ogún ọdún.

Èmi náà ni mo ya fọ́tò egungun wọn, torí kò sí ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́. Etí mi wú, ojú mi pọ́n, mo fọ fọ́tò méjèèjì nínú òkùnkùn, mo sì fi wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síwájú iná, omi ń kán lára wọn. Èjìká Dókítà fọ́ yángá-yàngà bí àwo tó bọ́ lórí tábìlì. Iṣẹ́ igi nìyẹn, ìbínú lásán, lílù tí kò mọ ibi tó ń lọ. Apá ọmọkùnrin náà dá ní egungun méjèèjì lójú kan ṣoṣo, ó mọ́ tónítóní, àfi bí ẹni fi ayùn gé e. Dókítà oníṣẹ́ abẹ yọjú wò ó. “Ẹni tó lu èyí mọ ọwọ́ lílù,” ló sọ, ó sì jáde. Ó fẹ́ fi gbà mí níyànjú ni, gbogbo ilé ìwòsàn ti gbọ́ pé èmi ni mo gba Dókítà là. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà fún mi.

N kò kábàámọ̀, má ṣì mí gbọ́. Bí n kò bá lù ú, orí Dókítà ì bá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí àárọ̀ yẹn bá sì tún padà wá, apá náà ni n ó tún lù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó dùn. Mo dúró síwájú fọ́tò yẹn, inú mi sì ń dùn bí ti ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ jìnnà, ọwọ́ mi ń wá ibi tí yóò ti tún un ṣe. Gbígbá tí mo fi odidi ọdún kan wá, ara èèyàn ni mo ti rí i. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú mi.

Àwọn àgbà ìlú wá kí Dókítà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò rán àwọn ọmọ yẹn níṣẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ìtìjú sì hàn lójú wọn. Ṣùgbọ́n bàbá kan nínú wọn mú fìlà tí wọ́n gé yẹn, ó ti ìka bọ ihò rẹ̀, ó yí i yípo. “Dókítà, o gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í ní ihò.” Dókítà rẹ́rìn-ín títí èjìká fi dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà mọ́ láé. Apá tó fi ń fa eyín gbogbo ìlú nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gé POP tí wọ́n fi di apá ọmọkùnrin náà kúrò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n tún rán an sí fún fọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi. Mo ní kó dìde. Ó gbé apá sí orí tábìlì, kò lè wo ojú mi. “Ẹ̀gbọ́n,” ló sọ, “nígbà tẹ́ ẹ lù mí, kò dùn mí rárá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó dùn mí.”

Mo ní, “Kò dun èmi náà.”

Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ibẹ̀ ló lọ sílé Dókítà lọ tọrọ àforíjì, mo sì gbọ́ pé wọ́n fún un lóúnjẹ níbẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Ọ̀wọ̀, Dókítà bi mí léèrè lọ́jọ́ kan lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pé, “O ò tíì sọ fún wa. Èwo lo yàn?” Pírínsípà wà níbẹ̀, pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá tí Dókítà fúnra rẹ̀ fi ẹnu júwe bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Mo ti dá onírin padà fún un nígbà náà, mo ti fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ wé e, n kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ lára rẹ̀. Mo ní onígi ni mo yàn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Pírínsípà ní onígi wo, èyí tó ti kán? Mo ní òun náà ni.

Mo ti wá orí rẹ̀ rí nínú koríko, mo sì ṣa ọ̀pá rẹ̀ tí ọmọkùnrin yẹn jù sọ nù. Káfíńtà kan bá mi lẹ orí náà padà mọ́ ọ̀pá, ó fi òwú wé e, ó sì wọ́ díẹ̀. Òun ni mo gbé lọ Àkúrẹ́, wọ́n sì lù wá nínà tí ọmọ ọ̀dọ̀ kì í jẹ. Òun náà ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi títí di òní. Àwọn ọmọ mi ti ra tuntun fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ọ̀pá yìí máa ba ọwọ́ bàbá jẹ́. Wọn ò parọ́. Kò sí ìgbà tí mo gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀ tí kì í ta mí dé ìgúnpá, mo sì máa ń dúró díẹ̀, kí n jẹ́ kó dùn mí dáadáa, kí n tó gbójú sókè wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ.